Ẹtu Ni Mo Ń Kágò Fún

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní Iyaro, nílùú Bìní, wọ́n ní kí àwa àgbààgbà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan ká sọ iṣẹ́ tí a fi ọjọ́ ayé wa ṣe, kí àwọn ọmọ tó ń múra ilé-ìwé gíga lè rí ohun tí wọn yóò fi yan ọ̀nà. Ẹnìkan ti ṣe báńkì, ẹnìkan ti ṣe tíṣà, ẹnìkan ti di ọ̀gá pátápátá ní sẹkitéríàtì. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Èmi máa ń kó ìgbẹ́ ẹranko." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àga fi ń mì. Ọmọkùnrin kan ní iwájú tilẹ̀ ní, "Daddy, you no serious." Ó gbọ́ Yorùbá mi ketekete o, èdè tiwọn ló kàn fi dá mi lóhùn. Inú bí mi, mo jókòó. Nígbà tí mo délé mo ní rárá o, bí wọn ò jẹ́ kí n fi ẹnu sọ ọ́ tán, màá fi bírò sọ ọ́.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ló mú mi wá sí Bìní, ó fẹ́ sọ mí di akọ̀wé, orí mi ò sì gba ìṣirò. Ilé rẹ̀ ni mo wà tí mo ń jẹ ẹ̀bà ọ̀fẹ́, títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi sọ pé bàbá olówó kan tó ti ṣe kọngílá rí dá ọgbà ẹranko sílẹ̀ lẹ́yìn Ugbor, pé wọ́n ń wá ẹni tí kò bẹ̀rù kìnnìún. Mo ní n ò bẹ̀rù. Irọ́ ni. Bí wọ́n ṣe gbà mí nìyẹn. Owó oṣù kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọlé, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọmọ Ẹ̀dó ni, Pa Osaro là ń pè é. Ọkùnrin kúkúrú ni, ojú rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ kì í sì í pariwo. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹranko kankan. Ìgbẹ́ wọn ni mo ń kó. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, màá gbé e wá síwájú rẹ̀ nínú garawa, yóò fi igi tú u wò, yóò ní, "Èwo ló rọ̀ ju tàná lọ? Ta ni kò jẹun tán?" Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, mo tún padà lọ wò ó nìyẹn. (Pidgin ló fi ń bá mi sọ gbogbo rẹ̀, èmi ni mo ń tú u fún yín.) Lọ́jọ́ kan mo fín lọ́fínńdà wá síbi iṣẹ́, torí pé mo fẹ́ lọ rí ọmọbìnrin kan ní ìrọ̀lẹ́. Láti ẹnu géètì ló ti lé mi padà sílé. Ó ní ìkookò kò mọ òórùn yẹn, pé bí ẹranko kò bá ti mọ̀ ọ́ mọ́, àlejò lo jẹ́ sí i, àlejò kì í sì í fọ kéèjì. Mo bú u dáadáa nínú ọkàn mi lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́.

Òfin rẹ̀ tó ga jù ni pé o kò gbọdọ̀ yọ sí ẹranko láìfọhùn. Ẹran tó bá ta gìrì lè fi orí gbá irin, kó sì kú síbẹ̀. Ó ní kí olúkúlùkù wa wá ọ̀rọ̀ kan tí yóò máa sọ láti ọ̀ọ́kán, ohùn kan náà lójoojúmọ́, inú ì báà dùn, inú ì báà bàjẹ́. Òun fúnra rẹ̀ a máa súfèé. Nígbà tó kàn mí, ohun tí ìyá mi fi kọ́ mi lọ́mọdé ló sọ sí mi lọ́kàn, ohun tí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe kó tó wọlé onílé. Mo ní, "Àgò o, onílé. Èmi ni o." Ó bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní bí àwa Yorùbá ṣe ń tọrọ àyè lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn ni, pé ẹni tó wà nínú ilé yóò dáhùn pé "Àgò yà," a ó sì wọlé. Ó ní, "Ó dáa. Ilé wọn ni lóòótọ́. Máa sọ ọ́ títí tí wàá fi fẹ̀yìn tì." Mo sì sọ ọ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọgbà náà lónìí, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí nígbà yẹn. Kìnnìún méjì, akọ àti abo. Ràkúnmí. Ògòǹgò tó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ìkookò mẹ́ta. Ìnàkí kan tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mu mínírà. Bó bá di ọdún Kérésì tàbí ọdún Iléyá, láti Ogida lápá kejì ìlú ni àwọn ènìyàn ti ń fẹsẹ̀ rìn wá, bàbá á gbé ọmọ sọ́rùn, ìyá á gbé oúnjẹ dání. Ohun tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá ni wọ́n ń sáré lọ wò. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹtu. Ta ló fẹ́ sanwó wo ẹran tó ń kọjá ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀?

Ọmọbìnrin tí mo fín lọ́fínńdà torí rẹ̀ yẹn, mo fẹ́ ẹ. Ìyá Bùnmi nìyẹn. Ó ń tẹ̀wé ní sẹkitéríàtì nígbà náà. Bó bá ti ṣíwọ́, yóò wá dúró dè mí lẹ́yìn ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, ká lè jọ wọkọ̀ lọ sílé. Ibẹ̀ ló ti máa ń gbọ́ mi bí mo bá ń fún ẹranko ní oúnjẹ ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá ti ní, "Àgò o, onílé. Èmi ni o," òun náà á gbè mí lẹ́sẹ̀ láti ìta pé, "Ẹ má jẹ́ ó dúró síta o!" Ẹ̀rín ni. Bí a bá wá délé, tó bá jẹ́ òun ló ṣáájú wọlé, èmi á kàn ti ilẹ̀kùn gbàà, máa wọlé. Á ní, "Bàbá Bùnmi, kìnnìún àti ìkookò lẹ̀ ń kágò fún, èmi lẹ̀ ń já lù bí olè." Èmi á ní, "Ilé mi kọ́ ni? Ta ni mo fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀?" Á pòṣé, ọ̀rọ̀ á tán. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ̀fẹ̀ tí obìnrin bá fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹjọ́ ni.

Ràkúnmí ló kọ́kọ́ lọ. Ẹran aṣálẹ̀ nínú òjò Bìní! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹrà, mo ń fi òróró pa á, mo ń tẹ́ iyanrìn gbígbẹ fún un, òun ń wò mí ṣáá. Títí di òní mo gbà pé a jẹ ẹ́ níyà, kò sì yẹ ká mú un wá rárá. Ògòǹgò gbé ìdérí ìgò mì, èyí tí aláìmoore kan jù sí i kó lè ya fọ́tò rẹ̀. Ìkookò darúgbó. Ìjọba wá mú ìnàkí lọ síbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, ó di mọ́ mi lọ́rùn lọ́jọ́ náà, inú mi bàjẹ́, inú mi sì tún dùn fún un. Látijọ́, bí ẹran kan bá kú, bàbá olówó á ní kí wọ́n ra òmíràn wá, ibi yòówù kó ti wá. Ayé yí padà. Òfin dé, ìwé àṣẹ di òkìtì, owó òkè òkun sì gbówó wa mì. Èyí tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, kò sí àrọ́pò.

Abo kìnnìún ló gbẹ̀yìn. Ó dá gbé ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Nígbà tí kò lè dìde mọ́, mo ṣì ń kágò fún un láàárọ̀, yóò gbé etí sókè díẹ̀. Ọjọ́ kejì tí a sin ín, mo gbé garawa mi, mo dé ẹnu kéèjì, mo ní, "Àgò o, onílé." Ìgbà tí mo ti sọ ọ́ tán ni mo tó rántí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Pa Osaro ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ó ti kú pàápàá, n kò sì ní ọ̀gá tí mo lè lọ rojọ́ fún.

Bàbá olówó náà kú. Ọmọ rẹ̀ jogún ọgbà, Ẹnjiníà là ń pè é, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò kàn fẹ́ràn ẹranko. Ó rìn yí àwọn kéèjì òfìfo ká, koríko ti hù nínú wọn, ó ní, "Baba, ilẹ̀ Ugbor ti di wúrà. Kí ni mo ń fi èyí ṣe?" Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ká yé wá ẹran ọ̀nà jíjìn, ká kó ti igbó tiwa jọ: ẹtu, òòrẹ̀, akika, ìgalà. Mo ní igbó ń tán, àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ẹtu láàyè, àfi nínú ọbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò sanwó wo ẹran ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fún mi ní Kérésì sí Kérésì. Ó ní bí èrò ò bá padà wá láàárín ìgbà yẹn, òun á ta ilẹ̀, kí kálukú máa lọ. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló kù lábẹ́ mi nígbà náà, gbogbo wọn lọ́mọ nílé.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ igbó ló fún wa ní ẹtu mẹ́ta, wọ́n gbà wọ́n láàyè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lọ tà wọ́n. Ẹ gbọ́, kò sí ẹran tó ń já bí ẹtu. Ewé bọ́, ó fò. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi ti bárò kọjá láìfọhùn, ẹtu kan ta gìrì, ó sáré kọlu wáyà, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́. Mo pariwo lé ọkùnrin náà lórí títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó yẹ kí n kọ́ gbogbo wọn bí a ṣe ń kágò lọ́jọ́ náà gan-an. N kò kọ́ wọn. Mo lé wọn kúrò níbẹ̀ ni, mo ní èmi nìkan ni yóò máa wọ ọ̀dọ̀ ẹtu. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó dùn mọ́ mi nínú. Ó dùn mọ́ mi pé ohùn mi nìkan ni wọ́n mọ̀, pé bí mo bá ti dé, wọ́n á yọ orí láti inú igbó wọn, wọ́n á wá jẹ ewé ànàmọ́ àti ìyeyè lẹ́sẹ̀ mi. Àwọn ọmọ tí mo bí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn. Ẹtu ń gbọ́ ọ, ó ń bọ̀.

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wá díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin kan na ọwọ́ sí wọn, ó ní, "Na bush meat be dis na! Where pepper?" Mo dá owó géètì rẹ̀ padà fún un, mo ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-ìwé ń kó ọmọ wá, àwọn ọmọ náà ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí mo bá ní kí wọ́n dákẹ́, ẹtu á yọ, ẹ ó sì gbọ́ bí gbogbo wọn ṣe ń mí kanlẹ̀. Nígbà tó yá, abo bímọ. Òun ló jẹ́ kí ìròyìn wa kàn.

Ní àárín òjò ọdún yẹn ni àpẹ́ńdíìsì gbé mi dé ilé ìwòsàn. Wọ́n là mí níkùn. Ọjọ́ kejì, mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Ìyá Bùnmi ń fún mi lẹ́kọ mu, fóònù dún. Osasu ni, ọmọ Ẹ̀dó kan tó kàwé nípa ẹranko ní yunifásítì, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á síṣẹ́ ni. Ó ń sunkún. Ó ní ìjì fa igi ya lu wáyà ẹ̀yìn, ẹtu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, akọ, abo àti ọmọ wọn, ti sá wọ igbó létí odò lẹ́yìn ọgbà, àwọn ènìyàn sì ti ń kóra jọ, wọ́n mú àdá, wọ́n mú ajá dání.

Mo fẹ́ dìde, ikùn ní kò jọ. Mo ní kí Osasu kágò fún wọn. N kò kọ́ ọ rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Mo gbọ́ ọ nínú fóònù, ó ń ké "Àgò! Àgò!" bí ẹni tó ń lé olè. Ó ní wọ́n tún sá jìnnà sí i. Mo ní kó sọ fóònù di agbóhùnsókè, kó nà án sí igbó. Mo sọ ọ́ fúnra mi. Fóònù ń han gooro, kò jọ ohùn mi. Akọ já láti inú koríko, ó kọrí sí ọ̀nà àwọn alájá. Mo gbọ́ ariwo ajá, lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń yọ̀. Mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Èmi ni mo pa á. Ìgbéraga mi ló pa á. Ó ti parí."

Ìyá Bùnmi gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀. Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu Osasu ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní ìyàwó mi bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó bọ́ bàtà, ó sì kọ́kọ́ dojú kọ àwọn alájá. Ó fi Pidgin bú wọn, ó fi Ẹ̀dó bú wọn, nígbà tí méjèèjì ò tó, ó fi Yorùbá kún un. Wọ́n mú ajá wọn kúrò. Ó ní kí gbogbo èèyàn jókòó, kí ẹnikẹ́ni má mí. Ó wá rìn lọ dúró nínú ẹrẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà ti wó, ibi tó ti ń dúró dè mí láti ọdún gbọ́n-ọn-gbọ́n. Kò pariwo. Ó ní, "Àgò o, onílé. Èmi ni o. Ẹ má jẹ́ n dúró síta o." Ó dákẹ́. Ó tún un sọ. Osasu ní ó ju wákàtí kan lọ, òjò ń pa á, kò yí ohùn padà lẹ́ẹ̀kan. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Koríko mì. Abo yọ orí. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ìyàwó mi kọjá, wọ́n wọlé wọn.

Ẹnjiníà wà níbẹ̀, ó dúró sínú òjò pẹ̀lú bàtà olówó ńlá. Nígbà tó wá kí mi ní ilé ìwòsàn, ó ní bí ìyàwó òṣìṣẹ́ òun bá lè dúró sínú ẹrẹ̀ torí ẹran méjì, òun kò ní ojú tí òun á fi ta ilẹ̀ náà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: ó mọ ògiri tuntun, ó sì fi igbó ẹ̀yìn yẹn kún ọgbà. Kí n tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, Ìyá Bùnmi ti ń lọ sí ọgbà ní ìrọ̀lẹ́ìrọ̀lẹ́, ó ń kọ́ Osasu àti àwọn yòókù bí a ṣe ń kágò. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo kàn ní, "Ìyá Bùnmi, o ṣé o," bí ẹni tí wọ́n bu omi fún.

Lónìí òòrẹ̀ wà níbẹ̀, ìgalà wà, akika wà, òkété wà tí àwọn ọmọ ń bẹ̀rù. Ìjọba tún fún wa ní akọ ẹtu mìíràn. Osasu ló di ọ̀gá nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Kámẹ́rà wà nínú gbogbo ilé ẹranko, inú fóònù ló ti ń wo ẹni tí kò jẹun tán, ìgbẹ́ pàápàá, ilé àyẹ̀wò ló ń gbé e lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin tó ní n kò serious, bí o bá ń ka èyí: n kò sọ pé kí o wá kó ìgbẹ́. Iṣẹ́ yòówù kí o mú, bí o bá mọ nǹkan, kọ́ ẹlòmíràn kó tó di ọjọ́ tí wọn yóò là ọ́ níkùn.

Oṣù tó kọjá mo lọ sí ọgbà náà, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ni mo gbà, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà níbi tí ìyàwó mi máa ń dúró sí. N kò dúró síbẹ̀ rí ní ọjọ́ ayé mi. Osasu ń bọ̀ pẹ̀lú garawa. Láti ọ̀ọ́kán ó ní, "Àgò o, onílé. Èmi ni o. Ẹ má jẹ́ n dúró síta o." Ahọ́n Ẹ̀dó ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn Ìyá Bùnmi ni. Ẹtu márùn-ún ló jáde wá. Ibẹ̀ ni mo ti wá gbọ́ ohun tí ìyàwó mi ń gbọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn: ènìyàn tó ń fi pẹ̀lẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹran. Ẹni yẹn kan náà ni yóò sì bá lọ sílé, tí yóò ti ilẹ̀kùn lù ú. Ojú tì mí gan-an.

Mo wọkọ̀ padà sílé wa ní Ogida. Ilẹ̀kùn kò tì, mo ń gbọ́ rédíò nínú ilé. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi ilẹ̀kùn, mo fà á padà. Mo ní, "Àgò o, onílé. Èmi ni o."

Rédíò lọ sílẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ẹ ti ṣìlé o. Kò sí ẹtu níbí."

N kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ìyá Bùnmi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ n dúró síta o."

Mo gbọ́ tó sún àga sẹ́yìn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀, kò kánjú. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omi.

"Àgò yà," ó ní.

Mo wá wọlé.